Windows àti Ubuntu kò ríra wọn nínú ilé kan náà: ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín sí, láptọ́ọ̀pù Windows 11 yín àti kọ̀ǹpútà Ubuntu tó wà nílé yín ní Òkè-Fìà jọ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, àmọ́ fódà tí ẹ ṣí sílẹ̀ lórí Ubuntu ò yọjú nínú Network lórí Windows, ẹnì kan sì ti ní kí ẹ pa Windows rẹ́ kí ẹ tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo irú ẹ̀rọ méjì yìí nílé mi ní Òkè-Baálẹ̀. Fídíò òde ni iṣẹ́ mi, Ubuntu ni mo ti ń gé e, Windows ni mo ti ń parí rẹ̀ fún oníbàárà. Fáìlì ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè ju 4GB lọ, fláàṣì tó bá sì wà ní FAT32 kì í gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀, nítorí náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ni oúnjẹ mi ń gbà kọjá. Gbogbo ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ mi ti kọ̀ tí wọn ò ríra wọn, kò sí èyí tí àtúngbé Windows ì bá wò sàn.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ojú ewé Network yẹn. Pé orúkọ ẹ̀rọ kan ò sí níbẹ̀ ò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ò sí. Láyé ìgbà SMB1, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́ nínú SMB, èdè tí Windows fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn ẹ̀rọ máa ń kéde orúkọ ara wọn, Windows á sì tò wọ́n síbẹ̀. Ní 2017, WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó, gba ihò kan nínú SMB1 wọ ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì káàkiri ayé, nígbà tí ọdún yẹn sì fi máa parí, Windows 10 tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ SMB1 kúrò. Samba, tí Ubuntu fi ń bá Windows sọ̀rọ̀, náà pa á tì ní 2019. Ẹ máa rí àwọn tó ń sọ pé kí ẹ lọ tan SMB1 padà kí orúkọ lè yọjú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ Ubuntu hàn, ẹ gbé wsdd, ètò kékeré tó ń kéde orúkọ rẹ̀ fún Windows, sórí rẹ̀, ó tán. Àmọ́ ní báyìí tí ẹ ń wá ibi tí àìsàn wà, àdírẹ́ẹ̀sì Ubuntu, ìyẹn nọ́ńbà tí router fún un, àti orúkọ fódà ni kí ẹ máa tẹ̀ sínú àpótí òkè fódà lórí Windows, bí àpẹẹrẹ \\192.168.8.102\fidio.

Ìkejì, pé íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí méjèèjì ò fi hàn pé wọ́n jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílùú yìí: MiFi kan fún ọ̀sán, òmíràn fún alẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ń fà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbóǹnà nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lórí MiFi kan, kọ̀ǹpútà kejì ti dá lọ sórí ìkejì nítorí pé páásìwọ́ọ̀dù MiFi yẹn ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà látijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe MiFi méjèèjì, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì ń pín. Ẹni tó bá wo àdírẹ́ẹ̀sì nìkan á rí 192.168.8 níbí, á rí 192.168.8 lọ́hùn-ún, á sì búra pé wọ́n jọ wà níbì kan. Nítorí náà, orúkọ Wi-Fi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá tẹ ipconfig nínú Command Prompt lórí Windows àti hostname -I nínú Terminal lórí Ubuntu, kí ẹ lè rí àdírẹ́ẹ̀sì wọn. Èyí tí tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ò rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà lọ́wọ́ router rárá, ìyẹn ni kí ẹ yanjú ná.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Láti orí Windows ni kí ẹ ti ping Ubuntu, ìyẹn kí ẹ tẹ ping àti àdírẹ́ẹ̀sì Ubuntu, kí Windows pè é wò bóyá á dáhùn. Ẹ má ṣe é láti Ubuntu sí Windows kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́, torí Windows kì í sábà dáhùn ping tí file sharing ò bá tíì wà ní títàn. Ẹni tó wà nílé tí kì í dá àlejò lóhùn ni. Ubuntu ní tirẹ̀ máa ń dáhùn, kódà bí ufw, firewall rẹ̀ tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé, bá wà ní títàn. Bí ìdáhùn bá wá, ọ̀nà ti là, ẹ fi router sílẹ̀ kí ẹ kọjú sí Samba àti páásìwọ́ọ̀dù. Bí ìdáhùn ò bá wá, ẹ ka ohun tí Windows kọ dáadáa. "Request timed out" ń sọ pé kò sí èsì, kò sì sọ ẹni tó gbé e mì. "Destination host unreachable" yàtọ̀. Bí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn "Reply from" bá jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, ó ń sọ fún yín pé òun pe ẹ̀rọ kejì títí, kò sẹ́ni tó jẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ firewall, kò tíì dé ọ̀dọ̀ páásìwọ́ọ̀dù. Ẹ lè lo ọjọ́ kan gbáko nínú ètò Samba nígbà yẹn, kò ní yí nǹkan kan padà.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí orúkọ Wi-Fi sì jẹ́ ọ̀kan náà, router ni mo máa ń fura sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibì kan tí wọ́n pè ní AP Isolation tàbí Client Isolation. Tó bá wà ní títàn, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á máa rí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ router ò ní jẹ́ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀. Guest Wi-Fi náà sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dára fún òtẹ́ẹ̀lì, nínú ilé ẹ pa á. Bí ẹ ò bá rí i lójú ewé router, ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ tààrà, kí ẹ fún ọ̀kan ní 10.0.0.1, kí ẹ fún ìkejì ní 10.0.0.2, mask 255.255.255.0, kí ẹ fi àyè gateway sílẹ̀ lófìfo. Tí ping bá ṣiṣẹ́ lórí wáyà tí kò ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi, ẹ ti mú ẹlẹ́ṣẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ yọ wáyà tèmi mọ́. Tí káàdì méjèèjì bá jẹ́ gigabit, ó lè gbé ju 100MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Wi-Fi 2.4GHz ò lè bá a dé ibẹ̀.

Bí ping bá wọlé tí fódà ò ṣí, ẹ ṣí PowerShell lórí Windows kí ẹ tẹ Test-NetConnection 192.168.8.102 -Port 445, kí ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì Ubuntu yín rọ́pò tèmi; 445 ni ẹnu ọ̀nà tí SMB ń gbà. Bí TcpTestSucceeded bá jẹ́ False, smbd, ètò Samba tó ń pín fódà, ò ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu tàbí ufw ló dí i; àṣẹ tó ń ṣí ufw ni sudo ufw allow samba. Bó bá jẹ́ pé Ubuntu ló fẹ́ wọ Windows, nc -zv pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì Windows àti 445 ni kí ẹ tẹ̀ lórí Ubuntu. Tó bá dúró síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí Windows ti ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn sí Public, ìyẹn ti ìta tí kò fọkàn tán. Ẹ sọ ọ́ di Private. Wáyà tí ẹ so tààrà yẹn, Public ni Windows máa kà á sí bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù ló ń jẹ àwọn ènìyàn níyà jù, torí ẹ̀rọ méjèèjì ń bèèrè ohun tí ẹ rò pé ẹ ti fún wọn. Samba ní páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ẹ fi ń ṣí Ubuntu ò tó, àyàfi tí ẹ bá lo sudo smbpasswd -a pẹ̀lú orúkọ yín. Lórí Windows, PIN tí ẹ ń tẹ̀ láràárọ̀ kì í ṣiṣẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àkáǹtì tí kò ní páásìwọ́ọ̀dù náà kì í wọlé láti òkèèrè. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń dá àkáǹtì kékeré kan sílẹ̀ lórí Windows fún fódà nìkan, pẹ̀lú páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀, mo sì ń fún un láyè ní ojú méjèèjì, Sharing àti Security, torí èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ni Windows ń tẹ̀ lé.

Ẹ má gbìyànjú guest, ìyẹn kí ènìyàn wọ fódà láìlo páásìwọ́ọ̀dù. Windows 11 Pro láti ẹ̀dà 24H2 ti kọ̀ ọ́, á sì máa sọ fún yín pé "your organization's security policies" ló dí i, nígbà tí kò sí iléeṣẹ́ kankan nínú yàrá yín. Bẹ́ẹ̀ ni láti Ubuntu 21.04, fódà home oníkálukú ti di títì fún ẹlòmíràn, ohun tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ fún guest nínú rẹ̀ ò ní ṣí. Tí ẹ bá yí páásìwọ́ọ̀dù padà tí Windows ṣì ń kọ̀, ó ń lo ti àtijọ́ tó há sórí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú Credential Manager, ibi tí Windows ń tọ́jú páásìwọ́ọ̀dù sí, kí ẹ tẹ net use * /delete nínú Command Prompt kó lè já ìsopọ̀ àtijọ́.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dára lónìí tó sì bàjẹ́ lọ́la, iná ló sábà máa ń mú un wá. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí router pa, àdírẹ́ẹ̀sì lè yí padà nígbà tó bá tún tàn. Ẹ wọ inú router kí ẹ ya àdírẹ́ẹ̀sì kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì fi : tàbí ? sínú orúkọ fáìlì lórí Ubuntu, torí Windows ò gbà wọ́n: "Ìyàwó 12:30.mp4" á dé ọ̀hún pẹ̀lú orúkọ kan tó ní ~ nínú, tí ẹ ò ní mọ̀ mọ́.

Ẹ ṣe ti orúkọ Wi-Fi àti ping láti Windows ná, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó bá jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú èsì port 445. Láti ibẹ̀ màá sọ ohun tó kàn fún yín.