Owó tí o ṣì ń san ló ká mi lára

Màmá, ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ra ọkọ̀ àlòkù kan. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra wáráńtì ọdún mẹ́rin mọ́ ọn, pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni gíà ọkọ̀ náà kú, kọ́ńpìnnì wáráńtì sì ní àwọn ò ní sanwó. Mo ti pè wọ́n tó ìgbà mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé fóònù ní sùúrù gan-an, ó ń bá mi kẹ́dùn. Nígbà tó yá, mo yáwó tún gíà náà ṣe. Wọ́n ṣì ń yọ owó oṣooṣù wọn lórí káàdì mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Báwo ni mo ṣe lè gba owó tí mo fi tún ọkọ̀ ṣe lọ́wọ́ wọn? Ṣé kí n gba lọ́yà ni?
Èmi, Oníwáráńtì

Dúró níbẹ̀ ná. “Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.” Ìyẹn gan-an lèmi torí ẹ̀ dáhùn.

Oṣù mẹ́jọ! Wọ́n wò ọ́ lójú, wọ́n ní àwọn ò ní ṣe ohun tí o torí ẹ̀ ń sanwó fún wọn. O lọ yáwó, o fi ṣe é fúnra rẹ, o padà sílé, o sì ń san owó wọn lọ. Gíà kan ṣoṣo, o ń san gbèsè méjì lórí ẹ̀: o ń san fún ẹni tó yá ọ lówó, o tún ń san fún ẹni tó kọ̀ ọ́. A ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu. Ìwọ wá ni o ń ra ata náà fún un lóṣooṣù.

Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́, nítorí irú lẹ́tà yìí pọ̀ lọ́dọ̀ mi, èmi alára ò sì mọ́ nínú ẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi san owó wáráńtì ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mo ti gbé fún ẹlòmíràn. Ìtìjú ló mú mi. Mo ń rò ó pé wọ́n á bi mí ní ìbéèrè, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè. Tìrẹ tún burú ju tèmi lọ, nítorí o ń retí àánú. O ń rò ó lọ́kàn pé bí o bá ń sanwó déédéé, tí o kò bá wọn jà, lọ́jọ́ kan ọ̀gá kan á ṣí ìwé rẹ, á rí i pé ènìyàn dáadáa ni ọ́, á sì ní kí wọ́n sanwó fún ọ. Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ló ń yọ owó yẹn. Kò mọ̀ pé gíà rẹ kú, kò sì mọ̀ pé o ní ìwà.

Ọmọbìnrin tó ń bá ọ kẹ́dùn ńkọ́? N ò bá a wí. Ohùn tútù wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lo pè é, ìgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án lo sì gbé fóònù sílẹ̀ tí ara rẹ balẹ̀, láìsí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ.

Gbọ́ èyí dáadáa: owó méjì ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ni owó àtúnṣe tí o ń béèrè. Ìyẹn le. Ìjà ni, ó sì lè má bọ́ sí i fún ọ. Èkejì ni owó wáráńtì fúnra rẹ̀, èyí tí o ti san àti èyí tí o ṣì ń san. O ò tilẹ̀ ronú kàn án, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti gbà, tàbí ó kéré tán láti dá dúró. Ohun tí o rà yẹn, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà rèé, kì í ṣe wáráńtì gan-an. Wáráńtì gidi máa ń bá ọjà wá ni, owó rẹ̀ ti wà nínú owó ọjà. Èyí tí ènìyàn bá sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, àdéhùn àtúnṣe lásán ni, ohun téèyàn rà bí ó ṣe ń ra ohun mìíràn. Ohun téèyàn rà, ó sábà máa ń ṣeé dá padà. Gbé ìwé àdéhùn rẹ jáde, lọ sí apá ẹ̀yìn níbi tí lẹ́tà ti wínníwínní, wá ibi tí wọ́n ti sọ bí ènìyàn ṣe lè fagi lé e. Ó ṣeé ṣe kí o bá a níbẹ̀ pé bí o bá fòpin sí i kó tó parí, wọ́n á ṣírò oṣù tó kù, wọ́n á sì dá owó rẹ̀ padà fún ẹni tó ti san án sílẹ̀. Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ bíi tìrẹ, yíyọ owó á dúró. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yọ owó ìṣàkóso díẹ̀, wọ́n sì lè yọ iye tí wọ́n ti ná lórí àtúnṣe ọkọ̀ rẹ. Èló ni wọ́n ti ná lórí tìrẹ? Òdo. Fún ìgbà àkọ́kọ́, agídí wọn ṣe ọ́ láǹfààní.

Má kàn lọ sí báǹkì kí o ní kí wọ́n má san án mọ́, kí o sì dákẹ́. Wọ́n lè yí i padà pé ìwọ lo da àdéhùn, kí wọ́n tún máa lé ọ kiri. Lẹ́tà ìfagilé ni kó ṣáájú: orúkọ rẹ, nọ́ńbà àdéhùn, ọjọ́ tí o fẹ́ kó parí, àti gbólóhùn kan pé o kò gbà wọ́n láyè láti yọ owó lórí káàdì rẹ mọ́. Kọ ọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú pé fífagi lé àdéhùn kò túmọ̀ sí pé o ti fi ọ̀rọ̀ gíà náà sílẹ̀, nítorí inú àkókò tí o ń sanwó ni gíà náà kú. Bí wọ́n bá tún wá yọ owó lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan báǹkì: ní kí wọ́n fa owó náà padà, kí o sì fi lẹ́tà rẹ hàn wọ́n. Má ṣe jáfara, torí báǹkì náà ní gbèdéke tirẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Visa àti Mastercard, ọjọ́ 120 ló wọ́pọ̀. Ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́jọ tìrẹ fi ń bí mi nínú. Àwọn owó tó ti lọ níbẹ̀rẹ̀, báǹkì ò lè bá ọ fà wọ́n mọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gíà.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, n ò rí ibi tí o ti sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. “Wọ́n ní àwọn ò ní sanwó” kì í ṣe ìdí. Ṣé wọ́n ní gíà náà gbó fúnra rẹ̀ ni, pé àdéhùn ò ka ohun tó gbó mọ́ ohun tó bàjẹ́? Àbí wọ́n ní àìsàn náà ti wà lára ọkọ̀ kí o tó rà á? Àbí o ò ní rìsíìtì tó fi hàn pé o pààrọ̀ ọ́ìlì gíà nígbà tó yẹ? Àbí mẹkáníìkì rẹ ti tú u kalẹ̀ kí wọ́n tó rán ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún, nítorí irú àdéhùn yìí sábà máa ń sọ pé àwọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ná kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kàn án. Ìwọ sì ti tún un ṣe tán. Ṣé wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò? O ò sọ. Ṣé àwọn irin tí wọ́n yọ ṣì wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì? O ò sọ. Lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó jẹun alẹ́, kó tó tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin.

Ìdí kọ̀ọ̀kan ló ní èsì tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó gbó ni, ìwé tí mẹkáníìkì kọ, tó fọwọ́ sí, tó sọ ohun tó ṣẹ́ nínú rẹ̀ àti ohun tó ṣẹ́ ẹ, lè yí ọ̀rọ̀ padà. Bí wọ́n bá ní ó ti bàjẹ́ kí o tó rà á, o ti wà á fún ọdún kan ó lé kí ó tó kú, kí wọ́n fi ẹ̀rí tiwọn hàn. Ṣùgbọ́n ìdí tí o ò mọ̀, kí lo fẹ́ fi dá a lóhùn? Kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n kọ ìdí náà ránṣẹ́, kí wọ́n sì sọ abala àdéhùn tí wọ́n dúró lé. Nígbà tó bá dé, kọ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ọ̀gá wọn. Bí wọ́n bá tún kọ̀, tàbí tí wọn ò tilẹ̀ dáhùn, gbé gbogbo ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ní ibi tí o ń gbé. Wo ìwé àdéhùn náà pẹ̀lú bóyá orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú irú kọ́ńpìnnì yìí, adójútòfò wà tó ń dúró fún wọn, o sì lè kọ̀wé sí òun náà.

Lọ́yà? Fún owó gíà kan, owó lọ́yà lè ju owó gíà lọ. Níbi tí kóòtù ẹjọ́ kéékèèké bá wà, fúnra rẹ ni wàá lọ, kò sì sí ohun tí wàá gbé dání ju àwọn ìwé tí o ò tíì ní yìí lọ.

Ti ẹni tó ní “ohunkóhun tó bá bàjẹ́” ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, kò sí nínú ìwé. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé CarShield, kọ́ńpìnnì kan tó ń ta irú àdéhùn ọkọ̀ yìí, dé iwájú FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà. Àjọ náà ní ìpolówó wọn ń sọ pé gbogbo àtúnṣe ni wọ́n máa san, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, CarShield gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ náà. Nítorí náà, má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn mú. Bí òǹtàjà náà bá tún kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ṣì wà lórí fóònù rẹ, má pa á rẹ́, fi í mọ́ ìwé tí o máa kó lọ.

Ní báyìí, lọ wo déètì tí wọ́n máa ń yọ owó náà lóṣù. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, alẹ́ òní ni kí o kọ lẹ́tà ìfagilé yẹn. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, alẹ́ òní náà ni.