Àyẹ̀wò Ìgbẹ́ Ológbò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé lórí Aràn Inú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ológbò tí ń bá wa pa eku nínú ilé bí ọmọ mẹ́rin ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Ikùn àwọn ọmọ náà wú, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn wọn yọ síta, irun wọn kò sì dán. Mo tún rí ohun funfun kan tó dà bí hóró ìrẹsì nídìí ìyá wọn, tó ń rìn. Mo ra oògùn aràn lọ́jà fún un, ṣùgbọ́n ohun funfun náà kò lọ. Dókítà ẹranko tí mo pè ní kí n gbé ìgbẹ́ wọn wá. Kí ló tún fẹ́ wá nínú ìgbẹ́ nígbà tí mo ti fojú ara mi rí aràn? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Aràn tí ẹ rí nídìí ìyá àti ohun tó mú ikùn àwọn ọmọ wú lè má jẹ́ ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí dókítà yín fi béèrè ìgbẹ́ wọn. Ohun funfun tó ń rìn yẹn jẹ́ ègé kan lára aràn pẹlẹbẹ gígùn tó wà nínú ìfun, tí ègé ara rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ológbò ni Dipylidium caninum. Ológbò ń kó o nígbà tó bá ń fi ahọ́n lá irun ara rẹ̀, tó sì gbé àwọn kòkòrò dúdú tíńtín tí ń tọ kiri nínú irun náà mì. Irú mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Taenia, ń wá láti inú eku tí ológbò bá pa jẹ. Pyrantel, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn aràn, kì í pa aràn pẹlẹbẹ rárá. Praziquantel ni a ń lò fún un, bí a kò bá sì lé kòkòrò inú irun náà kúrò, aràn yóò padà wá láàárín oṣù díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, nítorí àtilé kòkòrò yìí, ẹ má ṣe da oògùn tí wọ́n ṣe fún ajá sára ológbò. Permethrin wà nínú púpọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ara ajá gbà á, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ológbò.

Aràn pẹlẹbẹ tí ojú yín rí yìí gan-an ni yàrá àyẹ̀wò kì í sábà rí, nítorí pé inú ègé náà ni ẹyin rẹ̀ máa ń wà, kì í fi bẹ́ẹ̀ tú ká sínú ìgbẹ́. Nítorí náà, ẹ mú ègé kan tàbí méjì sínú ike kékeré, kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e dání pẹ̀lú ìgbẹ́ náà.

Ní ti àwọn ọmọ, Toxocara cati ni mo kọ́kọ́ fura sí. Aràn funfun gígùn tó rí róbótó ni, ìdin rẹ̀ sì ń bá wàrà ìyá wọ inú ọmọ, débi pé ọmọ tí kò tíì jáde kúrò nínú yàrá rí lè ní in. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ìdin bá wọ inú ológbò kí aràn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tí a lè rí. Ọmọ ológbò tó jẹ́ ọmọ oṣù kan lè kún fún aràn, kí ìgbẹ́ rẹ̀ má sì fi ẹyin kan hàn. Fún ìdí yìí ni àwa oníṣègùn ẹranko kì í fi í dúró de àbájáde àyẹ̀wò kí a tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóògùn: láti ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n bí i ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí di ẹ̀yìn ìgbà tó bá já lẹ́nu ọmú, a ó sì fún ìyá náà pẹ̀lú. Ìwọ̀n ara ni a fi ń díwọ̀n oògùn náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè wá béèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìgbẹ́ àwọn ọmọ yóò tún sọ? Ó ní púpọ̀ láti sọ. Aràn amùjẹ̀ tí ń jẹ́ Ancylostoma máa ń yé ẹyin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ológbò gbẹ. Ẹ ṣí ẹnu wọn wò, bí èrìgì wọn bá funfun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà lọ láìgbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Cystoisospora kì í tilẹ̀ ṣe aràn, ẹ̀dá tí ojú kò lè rí ni, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọ, kò sì sí oògùn aràn ọjà tó kàn án. Ìgbẹ́ nìkan ló lè jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe gbé ìgbẹ́ náà wá ló ń pinnu bóyá àyẹ̀wò yóò jẹ́ òótọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni kí ẹ mú, ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan, sínú ike tó mọ́ tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ ológbò àti aago tí ẹ mú un sí i lára. Ti ìyá lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe ha á nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé àwọn aràn tíńtín kan wà nínú ilẹ̀ tí wọn kò ṣe ẹranko ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ìdin aràn amùjẹ̀ gidigidi lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí ológbò yín bá jẹ́ alárìnká, ẹ tì í mọ́ yàrá kan mọ́jú pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti abọ́ yanrìn. Bí ẹ kò bá lè dé ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá, ẹ wé ike náà dáadáa, kí ẹ fi sínú fíríìjì níbi tó jìnnà sí oúnjẹ, kì í ṣe inú fírísà, kó má sì ju wákàtí 24 lọ.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò kọ́kọ́ fi ojú lásán wo ìgbẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò po ó mọ́ omi iyọ̀ tàbí omi ṣúgà tó ki gan-an, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò sì jẹ́ kí ẹyin aràn, tó fúyẹ́ ju omi náà lọ, léfòó wá sókè kí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí i bìrí-bìrí, ẹyin tí wọn yóò rí máa ń pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ lásán lọ, nítorí náà ẹ má tijú láti béèrè èyí tí wọ́n ń lò. Lọ́dọ̀ yín ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, bí ọ̀kan náà ṣe wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

ÌBÉÈRÈ: Ológbò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún kan ń ṣe ìgbẹ́ rírọ̀ tó ní ikun. Mo gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò rí nǹkan kan. Ṣé kí n gbà pé kò ní kòkòrò nínú ni? — Òǹkàwé kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ohun tí àbájáde yẹn sọ ni pé kò sí ẹyin tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ ọjọ́ yẹn. Giardia, ẹ̀dá inú ìfun tí ojú kò lè rí, fún àpẹẹrẹ, kì í jáde lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló yẹ kí ẹ gbé lọ kí a tó lè sọ pé kò sí. Ohun tí ẹ sọ nípa ikun tún mú mi ronú kan Tritrichomonas foetus, ẹ̀dá mìíràn tí ojú kò lè rí, tó máa ń wà lára àwọn ológbò tí ọjọ́ orí wọn kéré, pàápàá níbi tí wọ́n bá pọ̀ sí. Àyẹ̀wò omi iyọ̀ kò lè fi í hàn láéláé, nítorí pé kì í yé ẹyin, iyọ̀ sì ń pa á. Ìgbẹ́ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń wò ó nínú rẹ̀, nítorí náà fún èyí nìkan, ẹ má ṣe gbé e sínú fíríìjì rárá. Àyẹ̀wò PCR, tí ń wá DNA ẹ̀dá náà nínú ìgbẹ́, ló dájú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ló ń ṣe é. Ẹ sọ fún dókítà bí ológbò yín bá ń jẹ alángbá, nítorí pé aràn ẹ̀dọ̀ kan, Platynosomum, ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹyin rẹ̀ wúwo, kì í léfòó dáadáa, ìsàlẹ̀ omi ni a ti ń wá a. Ẹ sì dẹ́kun wàrà màlúù bí ẹ bá ń fún un, nítorí pé òun pàápàá lè fa ìgbẹ́ rírọ̀ láìsí kòkòrò kankan.

ÌBÉÈRÈ: Mo lóyún oṣù mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ní kí a lé ológbò wa lọ. Ṣé bí àyẹ̀wò ìgbẹ́ rẹ̀ bá dára, mo lè fọkàn balẹ̀? — Òǹkàwé kan, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira o. Ẹ̀rù màmá ní ìdí, nítorí pé Toxoplasma gondii, ẹ̀dá tí ojú kò lè rí tó lè bá ìgbẹ́ ológbò jáde, lè ṣe oyún lọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìgbẹ́ kọ́ ló máa fọkàn yín balẹ̀: ológbò sábà máa ń yà á fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta péré, nígbà tó bá kọ́kọ́ kó o, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ́. Ohun tó ń yà kò sì lè ràn ní kété tó bá jáde. Ó ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kó abọ́ yanrìn náà dànù lójoojúmọ́, kí ẹ má fún ológbò ní ẹran tútù, kí ẹran tí ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ jinná dénú, kí ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń fọwọ́ kan ilẹ̀ oko. Ẹ sọ fún àwọn tí ń tọ́jú oyún yín pé ẹ ní ológbò nílé, wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ yín wò ó bóyá ẹ ti kó o rí. Kò sí ìdí láti lé ológbò náà.