Báwo ni mo ṣe lè fi igi di ọ̀pá ìbọn ọdẹ mú nínú fáìsì (irinṣẹ́ tó ń fún nǹkan mú pinpin lórí tábìlì iṣẹ́) kí irin ìbọn náà má baà ha?

Kọ́kọ́ yọ ọta, kí o sì yẹ inú ìbọn náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Igi líle tó gbẹ dáadáa ni kí o lò, apá tàbí ìrókò; igi tútù máa ń súnkì. Wọn bí ọ̀pá náà ṣe nípọn tó níbi tí o fẹ́ dì mú, kí o fi dírílì lu ihò tó bá a mu gẹ́lẹ́ la àárín igi náà já. Lẹ́yìn náà, fi ayùn la igi sí méjì gba àárín ihò yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: ibi tí ayùn jẹ lọ, bíi mìlímítà 2, ló ń fi àyè sílẹ̀ láàárín igi méjèèjì, àyè yẹn ni fáìsì ń fún pọ̀ tí igi fi ń gbá irin mú. Bí igi méjèèjì bá ti kan ara wọn, fún fáìsì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀pá á ṣì máa yí.

Fi sípírítì nu òróró kúrò lára irin àti nínú ihò. Tó bá ṣì ń yọ̀, bu ìyẹ̀fun rósínì (oje igi tó ti gbẹ) díẹ̀ sí ojú ihò, irú èyí tí àwọn olórin tó ń fi fáólínì kọrin fi ń pa ọrun wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn tó ń yin ọta wẹ́wẹ́ kò fẹ́ agbára o. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ láàárín, ó lè tẹ̀ wọnú. Ìdí rẹ̀ tó nípọn, níbi tí ọta ń wọ̀, ni kí o dì mú.