Iye ihò kọ́ la fi ń yan core switch

Ìbéèrè: Ọ́fíìsì wa ní Adó-Èkìtì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípele mẹ́ta, kọ̀ǹpútà 120. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ká ra switch (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra) oníhò 48 méjì ṣe core, ìyẹn oríta àárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé bí ihò bá ṣe pọ̀ tó ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe yá tó. Ṣé ká sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Lóṣù yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń bí mi nínú, torí owó ọlọ́wọ́ ló ń bá a lọ.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà bá jẹ́ 50 Mbps, kò sí core tó lè sọ ọ́ di 51. Ìrìn abẹ́lé ni core ń mú yá: láti kọ̀ǹpútà akáúńtì dé server (kọ̀ǹpútà tí gbogbo yín ń gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀), láti ìpele kan dé òmíràn.

Access switch, ti ìpele kọ̀ọ̀kan, lẹ ń ka ihò rẹ̀. Oríta ni core. Ẹni tó fẹ́ tún oríta Fájuyì ṣe kì í ka ilé tó wà ní Adó. Iye ọ̀nà tó pàdé níbẹ̀ àti fífẹ̀ wọn ló ń wò. Ẹ bá mi ṣírò: kọ̀ǹpútà 40 ní ìpele kan, 1 Gbps (1,000 Mbps) fún kálukú. Bí wáyà 1 Gbps kan ṣoṣo bá ń gbé gbogbo wọn lọ sí core, ogójì ń du àyè ẹnì kan. Fi fáíbà 10 Gbps sí i, ó di mẹ́rin. Ihò SFP+ ni fáíbà yẹn ń wọ̀, òun ni kí ẹ kà.

Core méjì tó ní kí ẹ rà dáa, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá kú. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́ta láti ìpele, méjì fún server, ọ̀kan fún firewall (ẹ̀ṣọ́ láàárín yín àti íntánẹ́ẹ̀tì), méjì láàárín core méjèèjì: mẹ́jọ péré ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí lẹ fẹ́ fi 48 ṣe?

Kó jẹ́ Layer 3, irú switch tó ń darí ìrìn láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, kó lè darí VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì kéékèèké tí a pín ọ̀kan ńlá sí) fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá mú oníhò 16 ti 10 Gbps, ó gbọ́dọ̀ ní switching capacity (àpapọ̀ ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà) 320 Gbps, torí ó ń ránṣẹ́, ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Power supply méjì, UPS ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; ẹ mọ iná wa.

N kò tíì fojú rí ilé yín o. Kámẹ́rà ààbò, bí ẹ bá ní, lè yí ìṣirò yìí padà, torí òun náà ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ ní kí ọkùnrin náà ya àwòrán okùn wọ̀nyí sórí ìwé kí owó tó jáde. Bí kò bá lè yà á, ẹ wá ẹlòmíràn.