«Ẹ kú ará fẹ́ra kù»: gbogbo wa ló ni ín, kì í ṣe opó nìkan

Ọmọbìnrin kan láti Adó-Èkìtì ló béèrè pé: «Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo gbọ́ lórí rédíò pé opó nìkan là ń kí ní “Ẹ kú ará fẹ́ra kù”, torí pé àwọn tó fẹ́ra wọn, tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, jẹjẹrẹ ọmú ló pa wọ́n. Mo fẹ́ lọ kí i, ẹnu mi ti wá wúwo báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ní jẹjẹrẹ, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, n ò tíì lọ wò wọ́n torí n ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kí ni kí n ṣe?»

Ọmọ mi, inú bí mi nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni mo bínú sí. Ẹni tó jókòó sórí rédíò tó ń túmọ̀ ohun tí kò yẹ̀ wò ni mo bínú sí, torí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lórí rédíò. Wò ó, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ti dí ọ lọ́wọ́ láti lọ kí ọ̀rẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Ẹni tó fa èyí kò mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun.

Jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà fún ọ. Nínú èdè wa, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń là sí méjì, kí ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bọ́ sáàárín. «Bàjẹ́» là ń sọ, ṣùgbọ́n «ó ba ilé jẹ́» la ó wí. «Tànjẹ» là ń sọ, ṣùgbọ́n «wọ́n tan ara wọn jẹ» la ó wí, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ kó rò pé ẹnìkan fi ẹnìkejì ṣe oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni «fẹ́kù» rí. Ìyá àgbà tó ń kó adìyẹ wọlé nírọ̀lẹ́, tó wò yíká tí kò rí ọ̀kan, á ní: «Mo fẹ́ àgbébọ̀ mi kan kù.» Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀, kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Ó wá ohun tó yẹ kó wà, kò rí i. «Ará» tó ṣáájú, tí ohùn rẹ̀ lọ sókè nígbẹ̀yìn, ni àwọn ènìyàn ẹni: ará ilé, ará àdúgbò, ará ibi iṣẹ́. Ará wá ara wọn, wọn ò pé mọ́. Ohun tí ìkíni náà ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ni a lè fi kí, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ni a lè fi kí, àwọn tó jọ ń ta ọjà ní ìsọ̀ kan náà la lè fi kí.

Èrò tèmi tí mo ti ń sọ láti bí ogún ọdún nìyí, n ò sì ní yéé sọ ọ́: ìkíni yìí ni bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ènìyàn láìka iye. O mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nílé wa ní Ìkọ̀lé nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá wa kì í béèrè pé àwa mélòó la ti dé láti oko. Bí wọ́n bá ti gbé iyán kalẹ̀, orúkọ ni wọ́n máa ń pè, láti orí àgbà dé orí àbúrò, oníkálukú á sì jẹ́ «Mo wà ńbí». Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan kú, ìrọ̀lẹ́ kan dé tí bàbá gbàgbé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ilé dákẹ́. Wọn ò pe orúkọ tó kàn. Wọ́n ti abọ́ iyán sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá wa ò sọ pé «ọmọ kan ti dín», ìyá wo ló lè sọ ọ́? Nígbà tí mo wá dàgbà tí mo gbọ́ «ará fẹ́ra kù» dáadáa, ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo rí. A pe ara wa, ẹnìkan ò jẹ́.

Wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Kò dárúkọ ikú, tí àwa Èkìtì ń pè ní ukú, tí ẹnu àwọn ìyá wa kì í fẹ́ kàn nílé ọ̀fọ̀. Kò sọ iye. Kò sì dárúkọ ẹni tó ṣòfò! Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o dúró sí. Kò ní «ẹ kú òfò yín». Ó ní ará fẹ́ ara kù, èmi tí mo wá kí ọ náà sì jẹ́ ará. Ẹni tó bá kí ọ báyìí ti jókòó pẹ̀lú rẹ nínú ọ̀fọ̀ náà kí o tó fún un ní àga. Ronú nípa àwọn bàbá wa nígbà ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ wà lójú ogun láti 1878 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Nínú ìlú tí irú ogun bẹ́ẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ta ni ì bá máa kí ta ni pé o ṣòfò? Gbogbo wọn ló fẹ́ra kù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi ní apá tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú un. Wọ́n gé ọmú kan, wọ́n sì ń fa oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Kò tíì gbà á lẹ́ẹ̀kejì tí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ìrọ̀rí, ló bá ní kí n fá ìyókù. Èmi ni mo fá a. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó, ọwọ́ òun fẹ́ yan ata fúnra rẹ̀. A dé ìsọ̀ obìnrin kan, oòrùn mú, ó tú gèlè kó lè nu òógùn. Obìnrin aláta náà rí orí kodoro. Nílẹ̀ wa níbí, obìnrin tó bá fárí bẹ́ẹ̀, opó ni ojú kọ́kọ́ ń kà á sí. Ló bá kúnlẹ̀ lẹ́yìn igbá ata rẹ̀, ó ní: «Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, màmá. Ọlọ́run á dúró tì yín.»

Mo ti la ẹnu kí n sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó dá obìnrin náà lóhùn bí ó ti yẹ: «A dúpẹ́ o. Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín.» Obìnrin náà fi ata kún ata wa, kò gba owó èènì yẹn. Nígbà tí a wọ mọ́tò, mo béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní: «Ó kí mi re ni. Ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá wọn, n ò rí wọn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, n ò rí wọn. Bí àwọn náà bá jókòó tí wọ́n wo àga mi, ṣé wọn ò fẹ́ mi kù ni? A ti fẹ́ra kù, èmi ò sì tíì kú.»

Ọdún mọ́kànlá rèé tí ó ti sọ ọ́. Kò sí oṣù tí n kì í rántí rẹ̀.

Kí ló lé àwọn ènìyàn yẹn lọ? Ìbẹ̀rù àti àìmọ̀. Mọ̀lẹ́bí wa kan ya ife ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀, ó ní kó má baà ràn. Jẹjẹrẹ kì í ràn, ọmọ mi. O lè jẹun nínú abọ́ kan náà, o lè sùn lórí ẹní kan náà, o lè dì mọ́ ọn. Nínú ara ẹni tó mú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà: àwọn ohun kéékèèké tí ó para pọ̀ di ẹran ara wa ló ń pọ̀ sí i láìgbọ́ràn, tí wọn ò dúró níbi tó yẹ kí wọ́n dúró. Lóòótọ́, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV wà, tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kòkòrò yẹn sì máa ń ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Torí rẹ̀ ni Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti oṣù kẹwàá ọdún 2023. Bí o bá ní àbúrò ní ọjọ́ orí yẹn, mú un lọ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ kò ní bọ́ sí ọ lára torí pé o jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Àwọn kan tún ń sọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́ pé àfiṣe ni, pé kí aláìsàn wádìí ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ síbi ibùsùn aláìsàn, ẹrù ló gbé lé e lórí.

Nípa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yìí, má fi «ará fẹ́ra kù» kí wọn, wọ́n wà láàyè. «Ẹ kú ìrọ́jú» ni, tàbí «Ẹ kú ìfaradà». Ìyàwó wọn tó ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀, «Ẹ kú ìdúró tì» ni tirẹ̀, má sì gbàgbé rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń kí olùtọ́jú. Lẹ́yìn ìkíni, jókòó. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀: oko, ìtàn ìdílé yín, bí bàbá rẹ ṣe rí ní kékeré. Àìsàn kò sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àìsàn, gbọ́. Bí wọn ò bá fẹ́, má fà á jáde, má sì máa ka orúkọ àgbo àti ewé tí o rí lórí fóònù fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún nílé ọ̀rẹ́ rẹ àti níbikíbi. «Omi ló dànù, agbè ò fọ́.» Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú, tó ṣì lè bí òmíràn, ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan sọ ọ́ fún obìnrin tí wọ́n gé ilé ọmọ rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ. Agbè gan-an ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́! Ojú obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà ò ṣe é wò. «Àrùn là á wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe» dára fún ọ̀rẹ́ rẹ tí ó bá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé bóyá owó tí òun ná kò tó. «Wọ́n ti sinmi», jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. Má sọ fún un pé kó má sunkún. Bí a ṣe ń sunkún là á máa ríran.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a ti ń sọ àwọn ìkíni wọ̀nyí nù ní Èkìtì tí à ń pè ní ilé uyì, ilé ẹ̀yẹ. Ẹni bá kú, lẹ́tà òyìnbó mẹ́ta, «RIP», la ó tẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń sunkún, ó parí. Lọ́jọ́ ìsìnkú la ó wọ aṣọ kan náà, a ó jẹ iyán, a ó jó, èyí kò burú bó bá jẹ́ òkú àgbà. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ ikú àti ọjọ́ ìnáwó, ta ló jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ olóòkú? Nígbà tí ìyá wa ṣọ̀fọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò pín òru láàárín ara wọn títí ọjọ́ kẹjọ fi pé. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n wá. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi ara wọn dí àyè tó ṣófo títí olóòfò fi lè dìde.

Nítorí náà, lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Má dúró de ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bí àgbàlagbà bá wà níbẹ̀, kúnlẹ̀ kí wọn kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí o wá sọ ọ́ ketekete, kó gbọ́ ohùn rẹ: «Kú ará fẹ́ra kù.» Dárúkọ ìyá rẹ̀, «ìyá Lágbájá» tí o mọ̀ wọ́n sí. Bó bá dá ọ lóhùn pé kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ san án fún ọ, «Àmín» ni kí o ṣe, kí o wá bọ́ bàtà, kí o wá ibì kan jókòó sí.