Èsì: Ṣé ẹni tó ń ta àdìrẹ lè sin Ọlọ́run nídìí ọjà?

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ ní ìsọ̀ yín ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, kì í jẹ́ kí ẹ ráyè wọ ẹgbẹ́ kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsọ̀ yẹn gan-an ni ẹ ti máa sin Ọlọ́run! Dọ́káàsì ará Jópà, aṣọ ló ń rán fún àwọn opó. Pọ́ọ̀lù náà, àgọ́ ló ń pa. Àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì tó dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta yín níbẹ̀, lọ́dún 1895, aláìsàn ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ sọ fún oníbàárà bí àwọ̀ aṣọ bá máa ṣí. (Ìyẹn nira ju orin kíkọ lọ, ẹ jọ̀ọ́.) Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé ó ń jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.