Violet aláwọ̀ méjì yín kò tíì bàjẹ́

Àǹtí wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, ẹ kú ìtọ́jú òdòdó o. Ẹ ní African violet, òdòdó kékeré inú ìkòkò, tí àbúrò yín gbé wá fún yín láti London ní ewé tó funfun létí nígbà tó dé, tó tún ní pinki díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ewé tuntun tó ń yọ láàárín rẹ̀ báyìí, gíríìnì lásán ni. Ẹ tún ní ẹ gé ewé tó funfun jù lọ lára rẹ̀, ẹ rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀ kí ó lè pọ̀ sí i, àmọ́ ńṣe ló jẹrà. Ẹ wá ń béèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún àbúrò yín, àti bóyá kí ẹ kúkú sọ ọ́ nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Kì í ṣe ayédèrú. Ooru ló bo funfun yẹn mọ́lẹ̀. Ó ṣì wà nínú igi náà, ó sì lè tún jáde. Houston ni mo ń gbé, ooru ibí le gan-an ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, violet aláwọ̀ méjì ló sì kún ojú fèrèsé àti pẹpẹ ilé mi. Ọdọọdún ni mo ń rí ohun tí ẹ rí yìí. Bí ooru bá ti mú, ewé àárín á máa yọ ní gíríìnì. Bí òtútù bá dé lápá ìparí ọdún, funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí funfun yẹn jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ibi tó funfun lára ewé kò ní chlorophyll, ìyẹn èròjà gíríìnì tí ewéko fi ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ibi funfun yẹn wà lára àwọn tó ń jẹun, kò sí lára àwọn tó ń dáná. Nítorí náà, igi tó bá funfun jù, ebi ló ń pa á: kì í tètè dàgbà, kì í tanná púpọ̀, àìsàn sì máa ń tètè mú un. Ewé tí ẹ gé yẹn jẹrà torí pé kò ní oúnjẹ tó lè fi ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá ń lé funfun nìkan, igi náà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí à ń wá ni kí gíríìnì tó kù lára ewé tó láti bọ́ igi, kí funfun sì tó láti wu ojú.

Oríṣi mẹ́ta ni a sábà ń rí, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí ewé wá sí àárín, bíi tiyín, Tommie Lou là ń pè é. Orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ rí i lára violet rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ ọ́, ní nǹkan bíi ọdún 1959. Òun ló wọ́pọ̀ jù lọ títí dòní. Èkejì ni èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fọ́n ká tóótòòtó sí gbogbo ojú ewé. Orúkọ violet àtijọ́ kan, Lilian Jarrett, ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ̀kẹta ni èyí tó jẹ́ pé ewé àárín nìkan ló máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí kó ní àwọ̀ pinki, tó sì máa ń di gíríìnì bí ewé náà ṣe ń dàgbà. Ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yí àwọ̀ àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí padà. Tommie Lou ni ooru ń bá jà.

Nínú yàrá mi, bí òru bá wà láàárín 18 sí 21 °C, ewé Tommie Lou á funfun dáadáa. Bí ọ̀sán àti òru bá ń kọjá 27 °C léraléra, gíríìnì á borí. Òru ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan máa ń sọ pé òdòdó òyìnbó ni violet, pé ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa kò fi bá a lára mu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, láti òkè Usambara àti àwọn òkè mìíràn ní Tanzania, títí dé apá Kenya tó sún mọ́ ibẹ̀. Walter von Saint Paul-Illaire, tó jẹ́ aláṣẹ fún ìjọba amúnisìn Jámánì níbẹ̀, ló fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé ní 1892; nígbà tó di 1893, Hermann Wendland tó ń tọ́jú ọgbà Herrenhausen ní Hannover sọ ọ́ ní Saintpaulia. Inú òjìji igbó, lára àpáta tó máa ń lómi, lókè tí afẹ́fẹ́ ti tutù, ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni, àmọ́ ọmọ orí òkè ni, kò mọ ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ yín, oṣù kejì sí oṣù kẹrin ló máa ń le jù. Ẹ má retí funfun lásìkò yẹn, ẹ ṣáà rí i pé igi náà kò kú. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run tí ilẹ̀ sì tutù, ẹ máa wo àárín rẹ̀ dáadáa. Ìgbà ọyẹ́ náà dára nítorí òru rẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ jù fún violet, nítorí náà ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ lé orí òkúta náà láìjẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan omi. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ jẹ́ kí violet náà máa sùn níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà má ṣáà fẹ́ lù ú tààrà. Bí iná kò bá dúró, yàrá ìsàlẹ̀ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í dé ló tutù jù nínú ilé. Kí ó jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ rántí pé ewé tó bá ti dàgbà ní gíríìnì kò tún ní funfun mọ́. Ewé tuntun tó ń yọ ni kí ẹ máa fi wò ó.

Ohun kejì tó ń pa funfun ni ajílẹ̀. Náítírójìn ló ń mú ewé di gíríìnì, òun sì ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sára àpò ajílẹ̀. Ẹ ní ẹ ń bu NPK 15-15-15 tí wọ́n ń lò fún àgbàdo sí i. Ẹ dá a dúró. Ó lágbára jù fún ìkòkò kékeré, iyọ̀ rẹ̀ á jó gbòǹgbò, náítírójìn rẹ̀ á sì gbé ohun tí ooru ṣẹ́kù mì. Yúríà ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ajílẹ̀ olómi tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ kéré sí ti àárín, irú bíi 12-36-14, ni mo ń lò, mo sì máa ń bu omi là á ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀ lọ.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, violet aláwọ̀ méjì fẹ́ ju èyí tó jẹ́ gíríìnì pátá lọ díẹ̀, torí ibi tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kéré. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn, pẹ̀lú kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti tó. Bí oòrùn ọ̀sán bá kàn án tààrà, etí funfun yẹn ló máa kọ́kọ́ jó. Omi tútù láti inú fíríìjì kò gbọdọ̀ kan ewé rẹ̀, àmì rẹ̀ kì í parẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí bó ṣe ń pọ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Ewé tó rẹwà jù ni ojú máa ń lọ sí, ọkàn á ní irú rẹ̀ ni ọmọ máa jọ. Ewé yẹn gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ní gíríìnì jù lọ lára igi náà ni kí ẹ gé. Lára Tommie Lou, ewé tó dà bíi pé kò ní funfun kankan ṣì lè bí ọmọ tó funfun létí dáadáa, nítorí ohun tó ń mú funfun wá kò kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó dára jù lórí pẹpẹ mi lónìí, láti ara ewé tí ẹnikẹ́ni kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá. Ẹ rí i pé gíríìnì tó ń bà yín nínú jẹ́ yìí, àǹfààní ni fún ẹni tó fẹ́ gé ewé: ìsinsìnyí tí ooru ti fún igi náà ní ewé tó lè bọ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ gé e.

Ẹ mú ewé láti ìpele kejì tàbí ìkẹta tí ẹ bá ń kà láti àárín lọ sóde. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ti gbó jù, èyí tó wà láàárín kò tíì gbó. Ẹ fi abẹ tó mọ́ gé ọ̀pá ewé náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ó ṣẹ́ ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ewé náà kúrò láti òkè. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn láti gé e, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ewé náà dojú agbára rẹ̀ kọ ọmọ bíbí dípò kí ó máa dàgbà sí i.

Ẹ má lo iyẹ̀pẹ̀ ọgbà. Ó wúwo, ó ń gba omi dúró, òun náà sì wà lára ohun tó mú tàkọ́kọ́ jẹrà. Peat, ìyẹn ewéko irà tó ti jẹrà, pẹ̀lú perlite àti vermiculite, tí wọ́n jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, ní ìwọ̀n kan náà ni mo ń pò pọ̀. Bí peat bá ṣòro láti rí, èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀, tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní cocopeat, á ṣe iṣẹ́ náà, bí ẹ bá ti fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa kí iyọ̀ rẹ̀ lè jáde. Ẹ jẹ́ kí ó rin, kí ó má ṣe kún fún omi. Ẹ rì ọ̀pá ewé náà sínú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ sì gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò dé. Inú láílọ́ọ̀nù yẹn lè gbóná ju yàrá lọ, nítorí náà ẹ máa ṣí i díẹ̀ lọ́sàn-án. Gbòǹgbò á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọmọ sábà máa ń yọ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ewé bá ṣì le tó sì tutù, ẹ má fà á wò.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá yọ, ẹ máa rí oríṣiríṣi. Òmíràn á jẹ́ gíríìnì pátá, òmíràn á pọ́n bíi pinki, òmíràn á funfun láìsí gíríìnì kankan. Èyí tó funfun pátá yẹn ló ń pa ènìyàn lẹ́kún, torí ó lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ, ọjọ́ tí ẹ bá sì yà á kúrò lára ewé ìyá rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ fi í sílẹ̀ lára ìyá, ìyá ló ń bọ́ ọ. Èyí nìkan ni mo máa ń fún ní náítírójìn: ajílẹ̀ 20-20-20, tí mo bu omi là dáadáa, títí tí gíríìnì á fi hàn lára rẹ̀. Ibi tó gbóná díẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́. Ooru tó ń yọ ìyá lẹ́nu lè gba ọmọ là. Ìgbà tí ewé kékeré rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá ti ní gíríìnì dáadáa ni kí ẹ tó yà á. Àwọn kan kò ní ní in láé, wọ́n á sì lọ. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi lórí irú wọn.

Ẹ má tètè da àwọn tó jẹ́ gíríìnì pátá nù. Ẹ tọ́ wọn dé ìgbà òtútù kan, kí ẹ wo ewé àárín wọn. Bí òtútù bá kọjá tí etí kankan kò funfun, ó ti padà sí gíríìnì nìyẹn, ẹ lè fún aládùúgbò tó kàn fẹ́ òdòdó.

Ẹ tún béèrè bóyá bákan náà ni ẹ ṣe máa mú violet yín kejì pọ̀ sí i, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní ìlà láti àárín jáde sí etí, tí wọ́n ń pè ní chimera. Ewé kò ní ṣe ìyẹn. Ọmọ tí ewé rẹ̀ bá bí, òdòdó aláwọ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń ní, ìlà yẹn kò ní sí. Ọmọ tó bá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, láàárín ewé àti ìdí igi, ni kí ẹ dúró dè. Bí ó bá ti ní bíi ewé mẹ́rin, ẹ fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó bíi pẹ́ńsù ṣí i kúrò jẹ́jẹ́, kí ẹ gbìn ín sínú àdàlù kan náà tí mo sọ lókè, kí ẹ sì fi láílọ́ọ̀nù bò ó títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi múlẹ̀.